Ẹ̀jẹ̀ Ló Jẹ́rìí fún Asabe

Ìgò àdín kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì Ìsípẹ́kítọ̀ Ọlábísí Àjàyí, kí wọ́n tó ti ẹni tó ni ín wọlé. Àdín tó kù nínú rẹ̀ kò ju ṣíbí mẹ́ta lọ.

"Ohun tó fi ń pa wọ́n nìyẹn," ni Hajia Kamilah wí. "Ó ti pa àkọ́kọ́. Èkejì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù báyìí."

Hajia Kamilah ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ni àgbà obìnrin ní agbo-ilé Oníwáàsí lẹ́yìn Ọjà-Ọba, ilé àwọn alfa tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún. Kò pariwo, kò sì sọkún, tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ ló ń kà.

Ọkùnrin mẹ́rin ló ti Asabe wọlé. Opó ni Asabe, kò bímọ. Ọmọ Hausa ni láti ìbí, ṣùgbọ́n ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Ìlọrin, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa wẹ ọmọ tuntun láti agbo-ilé kan dé òmíràn. Wọ́n ti fa ìborùn rẹ̀ ya. Láti Ọjà-Ọba ni wọ́n ti fà á wá, ojú gbogbo ọjà sì ni.

Oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni. Ọyẹ́ ti mú, ètè gbogbo ènìyàn ti sán.

Ìsípẹ́kítọ̀ Àjàyí ní kí Hajia sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Hajia sọ ọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Naimat, ìyàwó Alfa Abdulraheem ọmọ rẹ̀, bí ọmọkùnrin kan, Abdulganiyu. Asabe ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ata rodo tó ti gbó, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni gbogbo ènìyàn pè é. Ó kú. Lọ́tẹ̀ yìí Naimat bí ìbejì: Táíwò obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin. Asabe náà ló ń wẹ̀ wọ́n. Wọ́n pé ọjọ́ mẹ́tàlá lónìí, ojú Kẹ́hìndé sì ti pọ́n bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹnì kan ṣoṣo láti ìta ló fọwọ́ kan àwọn ọmọkùnrin méjèèjì," ni Hajia wí. "Kí ni ẹ tún fẹ́ gbọ́?"

"Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu Ìyá yìí náà," ni Àjàyí dá a lóhùn.

* * *

Nígbà tí gbogbo wọn jáde tán, ó gbé àga fún Asabe.

"Ìyá, ẹ jókòó. Ṣé kí wọ́n wá oúnjẹ fún yín?"

"Mo ń gbààwẹ̀. Àlàmísì ni òní."

Àjàyí mú bírò rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin olùkọ́ láti Ọ̀mù-Àrán ni, ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í béèrè ìbéèrè ńlá. Ìbéèrè kékeré ni tirẹ̀, àwọn tó dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan.

"Ọmọ mélòó lẹ wẹ̀ lọ́dún yìí?"

"Mọ́kànlélógún."

"Ẹ lè dárúkọ wọn?"

Asabe dárúkọ wọn, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, Àjàyí sì ń kọ ọ́. Kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó rántí èyí tí ìdodo rẹ̀ pẹ́ kó tó gbẹ, ó rántí èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín bí omi bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àdín kan náà lẹ fi ń ra gbogbo wọn?"

"Inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni mo ti ń rọ ọ́ sínú ìgò."

"Ọjọ́ wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí wẹ àwọn ìbejì?"

"Ọjọ́ tí wọ́n dé ayé. Wallahi, ara Kẹ́hìndé dá ṣáṣá títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan yí padà."

"Táíwò ńkọ́?"

"Ó sanra. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀, nítorí igbe rẹ̀."

Àjàyí ṣí ìgò àdín náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Àdín lásán ni imú rẹ̀ sọ.

Ọ̀gá téṣàn pè é sí ọ́fíìsì. "Àjàyí, inú ń bí àwọn èèyàn. Ọjọ́ Ajé ni kí ìwé rẹ̀ dé kóòtù."

"Sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọmọ náà."

"Ọmọ kì í sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n àwọn méjì ni wọ́n. Ìwẹ̀ kan náà, àdín kan náà, ọwọ́ kan náà. Ọ̀kan ń kú lọ, èkejì ń sanra. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ wò."

* * *

Ọsibítù ìjọba kan ni wọ́n gbé Kẹ́hìndé lọ. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àjàyí dé ibẹ̀. Naimat jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, Táíwò ń mu ọmú, Kẹ́hìndé sùn, ẹyinjú rẹ̀ tó ṣí díẹ̀ pọ́n yòò. Hámzàt, ẹ̀gbọ́n Naimat tó ń ṣiṣẹ́ kọ́lékọ́lé, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ ni wọ́n fi sí i lára lálẹ́ àná," ni Naimat wí. "Dókítà ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní rí òwúrọ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ dà?"

"Wọn kò mọ ibi tó lọ, Madam."

Láàbù wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá tóóró kan tó ní fèrèsé méjì. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ló wà nídìí iṣẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò jọ pé ó máa ń jókòó. Ó fi ìwé èsì han Àjàyí.

"Mo wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí i. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Kò ṣẹ̀jẹ̀ sóde. Inú iṣan rẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti ń fọ́. Èyí tó fọ́ ni ìtọ̀ ń gbé jáde, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ rẹ̀ fi dúdú."

"Kí ló ń fọ́ ọ?"

"Èyí ni n kò mọ̀. Nǹkan kan ti kan ọmọ náà."

"Májèlé?"

"Ó lè jẹ́. N kò fẹ́ purọ́ fún yín."

Ó ṣí fíríìjì láti gbé nǹkan kan pamọ́. Àjàyí rí ìgò tíńtín-tíńtín tí wọ́n tò sínú igi tí wọ́n dá ihò sí, orúkọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni ìwọ̀nyí?"

"Kí a tó fún ènìyàn ní ẹ̀jẹ̀, a ní láti gba díẹ̀ nínú tirẹ̀, kí a fi wò ó bóyá méjèèjì bá ara wọn mu. Ọ̀sẹ̀ kan la fi ń tọ́jú rẹ̀, bóyá wàhálà á wà."

Àjàyí mi orí. Ó padà sọ́dọ̀ Naimat.

"Ìyá ìbejì, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn. Kí ni Kẹ́hìndé ní tí Táíwò kò ní?"

Naimat ronú títí. "Kò sí, Madam. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ń ṣe fún Kẹ́hìndé. Ìbejì ni wọ́n."

* * *

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jímọ̀, Àjàyí wọ agbo-ilé Oníwáàsí. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Hajia Kamilah ti jáde. Ràúdátù, ìyàwó àbúrò Alfa, ló ń gbálẹ̀. Bó ṣe rí Àjàyí ló ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì wọlé.

Àjàyí tẹ̀lé e. Ó bá a lẹ́yìn ìkòkò omi, ó ń ti ìgò kan wọ abẹ́ àkísà.

"Mú un wá."

Àgbo ni, ó ti kan díẹ̀.

"Ta lo fún?"

"Kẹ́hìndé ni, Madam. Ẹ má sọ fún Hajia. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí sílé yìí, n kò bí ọkùnrin. Wọ́n á ní èmi ni mo fẹ́ pa á."

"Ṣé Táíwò mu nínú rẹ̀?"

"Rárá."

Ohun tí Àjàyí ń wá nìyí: nǹkan kan tó kan Kẹ́hìndé tí kò kan Táíwò. Ó fà á lọ jókòó.

"Ọjọ́ wo lo rà á?"

"Ọjọ́ Àlàrùba, ní Ìpàtà. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ewé."

"Kí ló dé tí o rà á?"

"Mo ti rí ojú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Àtàlátà tó ṣáájú. Ó ti pọ́n. Ìyá mi àgbà máa ń fún wa ní irú àgbo yìí bí ojú wa bá pọ́n. Mo rò pé n ó gbà á là kí wọ́n tó mọ̀."

Àjàyí pe ọmọbìnrin kan tó ń fọ abọ́ nínú ọgbà, ó bi í léèrè ọjọ́ tí Ràúdátù lọ sí Ìpàtà. Àlàrùba náà ni ọmọ yẹn sọ. Ó sì ní ojú Kẹ́hìndé ti pọ́n láti Àtàlátà. Ohun tó dé lẹ́yìn àìsàn kò lè jẹ́ okùnfà rẹ̀.

"Da àgbo yìí nù," ni Àjàyí wí. "Má sì tún fún ọmọ tuntun ní irú rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ lẹ́nu mi."

Ràúdátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Àmọ́ Àjàyí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Ó dúró láàárín ọgbà, ó ń ka ìwé tó fi kọ ọ̀rọ̀ Asabe sílẹ̀. Ara Kẹ́hìndé dá ṣáṣá títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni Asabe fi wẹ̀ ẹ́ láìsí nǹkan kan. Kí ló wọ ayé ọmọ náà lọ́jọ́ kẹjọ?

Alfa Abdulraheem jáde síta láti ṣe àlùwàlá fún Jímọ̀. Ó ti gbọ́ pé Àjàyí wà nínú ilé. Ọkùnrin oníwà tútù ni, oorun kò sí lójú rẹ̀.

"Alfa, lọ́jọ́ tí ẹ sọ àwọn ìbejì lórúkọ, kí ni wọ́n fún Kẹ́hìndé nìkan?"

"Ẹ̀bùn ni ẹ̀ ń wí? Wọ́n fún àwọn méjèèjì."

"Kì í ṣe ẹ̀bùn àlejò. Ohun ilé."

Alfa dáwọ́ omi dúró. "Àfi ṣọ́ọ̀lù Alhaji."

"Ṣọ́ọ̀lù wo?"

"Bàbá mi ló rà á ní Mẹ́kà, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Onírun funfun ni. Wọ́n fi wé mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, wọ́n fi wé àwọn àbúrò mi. Ọmọkùnrin ilé yìí nìkan ni wọ́n ń fi wé. Nígbà tí ọyẹ́ sì mú báyìí, Hajia ní kí a má ṣí i kúrò lára Kẹ́hìndé mọ́."

"Abdulganiyu ńkọ́?"

Alfa wolẹ̀. "Òun náà. Inú rẹ̀ ló kú sí."

Àjàyí ní kí ó mú òun dé yàrá Hajia. Àpótí irin kan wà lábẹ́ ibùsùn. Alfa ṣí i. Òórùn kan tú jáde, ó ta Àjàyí nímú títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nísàlẹ̀ àpótí, hóró kàfùrá funfun róbóróbó wà káàkiri, irú èyí tí gbogbo ilé ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ṣọ́ọ̀lù náà kò sí níbẹ̀.

"Ó dà?"

"Hajia ti mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀ yìí," ni Alfa wí. "Ó ní òtútù ń mú ọmọ náà níbẹ̀."

Àjàyí kò dúró gbọ́ ìyókù. Alfa náà gbàgbé àlùwàlá rẹ̀, ó tẹ̀lé e. Wọ́n wọ taksí lẹ́nu ọjà.

* * *

Hajia Kamilah ló gbé Kẹ́hìndé mọ́ àyà, ṣọ́ọ̀lù funfun náà sì bò ó dé etí. Naimat ń wo aṣọ ìtẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀. Ìtọ̀ tó wà lára rẹ̀ pọ́n dúdú bíi soborodò.

"Àná ó ti ń mọ́," ni Naimat wí. "Kí ló tún dé?"

"Hajia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ṣọ́ọ̀lù yẹn lára rẹ̀," ni Àjàyí wí.

"Kí òtútù wá pa á?"

"Ẹ bọ́ ọ, màmá mi," ni Alfa wí. "Mo bẹ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló gbọ́. Nọ́ọ̀sì mú aṣọ ọsibítù tó mọ́, wọ́n nu ọmọ náà lára, wọ́n sì wé e. Àjàyí ká ṣọ́ọ̀lù náà sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ sí láàbù.

"Ẹnì kan ti fi nǹkan kan pa aṣọ yìí," ni ó wí fún Akínwálé. "Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́."

Akínwálé ṣí ọ̀rá náà, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa á dé kíákíá.

"Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan pa á. Kàfùrá ni."

"Kàfùrá kì í pa ènìyàn. Ilé wo ni kò sí?"

"Kì í pa ọ̀pọ̀ ènìyàn." Akínwálé jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àjàyí rí i tó jókòó. "Madam, nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń dáàbò bò ó, bí páànù ṣe ń dáàbò bo ilé. Àwọn kan wà tí a bí tí páànù tiwọn fẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n á dàgbà, wọ́n á bímọ, wọ́n á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bíi kàfùrá bá wọ ara wọn, tàbí àwọn oògùn kan, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa fọ́. Àwa ń pè é ní G6PD. Ọmọ tuntun ló sì ń pa jù."

"Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo lè ṣe é. Oògùn aláwọ̀ búlúù kan, ṣúgà díẹ̀, oògùn kan sí i, omi gbígbóná, wákàtí mẹ́ta. Ọdún méjì ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á máa ṣe é fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí níbí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ọlọ́lá ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà fún. Àwọn èèlò rẹ̀ kò sì wọ́n. Ohun tó ṣòro ni kí ẹnì kan gbà pé ọmọ tálákà náà yẹ ní yíyẹ̀wò." Ó mi orí. "Àmọ́ ó ti pẹ́ jù fún ọmọ yìí. Ẹ̀jẹ̀ baba rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Bí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, baba rẹ̀ ló máa dáhùn. Ẹlẹ́rìí èké ni."

Àjàyí wo fíríìjì. "Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, nígbà tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ baba bá tọmọ mu, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fi wò ó?"

Akínwálé dìde. Ó ṣí fíríìjì, ó wá inú igi náà, ó sì fa ìgò tíńtín kan yọ. Orúkọ Kẹ́hìndé wà lára rẹ̀. Alẹ́ Àlàrùba ni wọ́n gbà á, kí ẹ̀jẹ̀ baba tó kàn án.

"Ẹ ṣeun, Madam," ni ó wí.

* * *

Wọ́n nílò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n á fi ṣe àfiwé. Akínwálé gba díẹ̀ láti gìgísẹ̀ Táíwò. Ó gún ìka ara rẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé pé irú ẹ̀jẹ̀ báyìí, láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti máa ń gbà á, Hámzàt na ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ gba tèmi náà. Ìyá kan náà ló bí èmi àti Naimat."

Àjàyí yíjú sí i. "Ǹjẹ́ ìtọ̀ yín ti dúdú rí?"

Hámzàt ronú. "Lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wà níléèwé girama. Wọ́n fún mi lóògùn ibà, mo sì tọ̀ bíi soborodò fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí."

Ìgò mẹ́rin ni Akínwálé tò sínú omi gbígbóná. Àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀. Hajia Kamilah jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń lọ. Kí wákàtí mẹ́ta tó pé, nọ́ọ̀sì gbé aṣọ ìtẹ́lẹ̀ Kẹ́hìndé kọjá. Àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀.

Akínwálé pè wọ́n wọlé. Ó gbé ìgò mẹ́rin náà síwájú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó.

Ti Akínwálé pupa. Ti Táíwò pupa. Ti Hámzàt dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ irin tó dípẹtà. Ti Kẹ́hìndé dúdú bíi ti Hámzàt gẹ́lẹ́.

Naimat sún mọ́ fèrèsé.

"Ṣé èmi ni mo fi sí i lára?" ni Naimat béèrè.

"Ẹ kò fi nǹkan kan sí i lára," ni Akínwálé dá a lóhùn. "Bí ẹ bá kó ọkùnrin márùn-ún jọ ní Ọjà-Ọba, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín. Ọmọ ọdún mélòó ni yín, Alàgbà?"

"Ogójì ó lé méjì," ni Hámzàt wí. "Mo sì ń gbé búlọ́ọ̀kù."

"Kẹ́hìndé náà á dàgbà. Kí kàfùrá má sún mọ́ ọn. Bó bá ṣàìsàn, kí ẹ máa fi ìwé tí n ó kọ fún yín han dókítà kó tó fún un lóògùn. Ó parí."

Hajia Kamilah ń wo ìgò dúdú náà. "Kàfùrá inú àpótí mi," ni ó wí. "Èmi ni mo wé Abdulganiyu."

Àjàyí ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Hajia, aṣọ tí ẹ fẹ́ràn jù lọ lẹ fi wé e. Gbogbo ọmọkùnrin tí ẹ bí ló lò ó, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò sí láàbù níbi tí wọ́n gbé ọmọ yẹn lọ. Ká ní wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ máa ju àpótí yẹn síta. Ẹni tí a kò sọ fún kì í ṣe ọ̀daràn."

Hajia sọkún nígbà náà, fún ìgbà àkọ́kọ́. Naimat ló fi ìborùn ara rẹ̀ nù ún lójú.

"Alhamdulilahi pé èyí wà láàyè," ni Hajia wí nígbà tó ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní, "Asabe ńkọ́?"

* * *

Òwúrọ̀ Sátidé, Hajia Kamilah dá wá sí téṣàn. Ọ̀gá téṣàn ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú Asabe jáde.

Hajia wolẹ̀ lórí eékún méjèèjì, àgbà tó jẹ́. Asabe sún sẹ́yìn bíi pé ohun tó rí bà á lẹ́rù.

"Asabe, mo purọ́ mọ́ ọ," ni Hajia wí. "N kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ìwọ kọ́ lo pa ọmọ mi. Dárí jì mí nítorí Ọlọ́run."

Inú ti bí Asabe ní ọjọ́ méjì tó fi sùn lórí sìmẹ́ńtì. Ó fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Ta ló ń wẹ àwọn ọmọ náà?" ni ó béèrè.

"Kò sí. Nọ́ọ̀sì ń nù wọ́n lára."

"Nínú ọyẹ́ yìí." Ó na ọwọ́, ó fa Hajia dìde. "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni wọ́n ti fà mí."

"Mo mọ̀," ni Hajia wí. "Ìdí tí n kò fi gbé mọ́tò wá nìyẹn."

Àjàyí dúró lẹ́nu ọ̀nà téṣàn, ó ń wò wọ́n lọ. Àárín Ọjà-Ọba ni Hajia gbà, ó di ọwọ́ Asabe mú. Níwájú gbogbo ìsọ̀ tó bá ti dá a mọ̀, ó ń dúró. "Asabe kò ṣe nǹkan kan," ni ó ń wí fún wọn. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn láàbù ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò." Ó pẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dé ilé, nítorí ọjà náà tóbi, Hajia kò sì fo ìsọ̀ kankan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Hajia àti àwọn alfa ilé Oníwáàsí lọ bẹ ọ̀gá ọsibítù pé kí ó fàyè gba àyẹ̀wò Akínwálé. Alfa Abdulraheem sọ ọ̀rọ̀ kàfùrá nínú wáàsí Jímọ̀. Hámzàt náà dìde nínú mọ́sálásí, ó jẹ́wọ́ ohun tó fi ṣe àṣírí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àwọn ọkùnrin méje sì wá bá a lẹ́yìn ìrun pé irú rẹ̀ ti ṣe àwọn rí. Asabe padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tó bá wọ̀, aṣọ ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn kó tó bu omi. Bó bá gbọ́ òórùn kàfùrá, kò ní wẹ ọmọ títí wọ́n á fi fọ aṣọ náà, tí wọ́n á sì sá a sóòrùn.

Ní oṣù Kìíní, wọ́n gbà fún Akínwálé. Gbogbo ọmọ tuntun tí wọ́n bá bí sí ọsibítù náà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọlọ́lá tàbí ọmọ tálákà, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ rẹ̀. Akínwálé ra ìwé ńlá kan, ó fa ìlà sí i. Naimat wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gbé Kẹ́hìndé wá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá," ni ó wí, "kí ẹ tó kọ orúkọ ọmọ kankan, ẹ bá mi kọ ti Abdulganiyu."

"A kò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, Ìyá ìbejì."

"Mo mọ̀. Ẹ fi ibi èsì sílẹ̀ ní òfìfo."

Akínwálé kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ ìparí ààwẹ̀ Ràmàdánì ni Ìsípẹ́kítọ̀ Àjàyí tún yà sí láàbù náà, kò ní ẹjọ́ kankan lọ́wọ́, ó kàn fẹ́ kí wọn ni. Akínwálé wà ní ìdúró bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ti ìwé náà sí i. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ló ti wà nínú rẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn ni ìgò tiwọn dúdú, Akínwálé sì ti kọ ìwé fún ìyá ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Nínú àwọn mọ́kànlá yìí, mélòó ló kú?" ni Àjàyí béèrè.

"Kò sí."

Àjàyí ṣí ìwé náà padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó ka orúkọ ọmọ tó wà lókè pátápátá, ó fi ìka kan ibi òfìfo tó wà níwájú rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Abdulganiyu.